Òṣùwọ̀n Omi Ajílẹ̀: Ṣé EC Ni, Àbí ppm?

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún wa ní Apẹ̀tẹ̀, Ìbàdàn

   Wọ́n ti sọ fún wa pé ká má pẹ́, pé oúnjẹ ti ń tutù. A ò ní pẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí, owó wà nínú rẹ̀, owó yín sì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ó ti ṣe díẹ̀ tí àwọn ọmọ wa, pàápàá àwọn tó jáde ní Pólì tí iṣẹ́ ò tíì yọjú, ti ń wá bá wa pé àwọn fẹ́ máa gbin ewébẹ̀ láìlo ilẹ̀. Inú páìpù, inú ike, inú báàgì tí wọ́n kó èèpo àgbọn sí ni wọ́n ń gbìn ín sí, omi tí wọ́n po ajílẹ̀ mọ́ ni ewébẹ̀ yẹn ń mu. Hydroponics ni wọ́n ń pè é. A ò bá wọn jà sí i. Ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù ní Apẹ̀tẹ̀ yìí, ilé ló ń gbà á tán. Létúùsì àti kábéèjì tí a ń tà, láti Jos ló ti ń bọ̀, ẹ sì mọ iye tó ń jẹrà lọ́nà kí ọkọ̀ tó dé Bódìjà. Tòmátò ńkọ́? Gbogbo wa la rántí ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta, èyí tí àwọn èèyàn sọ ní Ébólà tòmátò, wọ oko ní Kàdúná, tí apẹ̀rẹ̀ tòmátò di ohun tí a kàn ń wò lójú tí a ń kọjá lọ. Ọmọ tó bá lè gbin nǹkan wọ̀nyí sí ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ń tà á lọ́jọ́ kejì, ire ni.

Àmọ́ fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó fún irú iṣẹ́ yìí ti dé iwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó báyìí. Owó tí ẹ ń dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yá. A wádìí, a bi àwọn tó ti ń ṣe é, ohun tí a sì rí ni pé kì í ṣe kòkòrò nìkan ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́, kì í ṣe iná tí wọn ò mú wá nìkan. Òṣùwọ̀n ni. Ta ló sì tún mọ̀ nípa òṣùwọ̀n ju àwa tí a ń wọn gàrí lọ? Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká la ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo ilé.

Ẹ má rò pé idán ni, ẹ má sì rò pé ohun àná ni. Gbòǹgbò ewébẹ̀ kì í jẹ ilẹ̀. Iyọ̀ oríṣiríṣi tó ti yọ́ sínú omi ilẹ̀ ló ń fà mu. Láàárín ọdún 1860 sí 1870, àwọn ọ̀mọ̀wé Jámánì méjì, Julius von Sachs àti Wilhelm Knop, ti hu ewéko nínú omi lásán tí wọ́n po iyọ̀ sí. Ní Amẹ́ríkà, William Gericke ní ilé ẹ̀kọ́ gíga California bẹ̀rẹ̀ sí í polongo rẹ̀ láti 1929, ó hu tòmátò tó ga ju èèyàn lọ, ọdún 1937 ni orúkọ hydroponics sì jáde. Nílé wa níbí, IITA tó wà lọ́nà Mọ́níyà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ti hu iṣu tí gbòǹgbò rẹ̀ wà lófuurufú, tí wọ́n kàn ń fọ́n omi ajílẹ̀ sí i lára. Iṣu o, láìsí ebè! Ní ìpínlẹ̀ Ògùn náà, Samson Ogbole dá Soilless Farm Lab sílẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ yìí. Nítorí náà iṣẹ́ gidi ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe ń jẹun níbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá síbi ọ̀rọ̀ gan-an.

Ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń mọ̀ pé iyọ̀ ọbẹ̀ tó? A ó kán an sọ́wọ́, a ó tọ́ ọ wò. Omi ajílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ojú ò sì lè mọ̀ ọ́n, torí èyí tó le jù àti èyí tí kò lágbára, bákan náà ni wọ́n ṣe mọ́ gaara. Bẹ́ẹ̀ ewébẹ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí omi bá le jù, ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún ìgbín náà ló ń ṣe fún gbòǹgbò. Ẹni tó bá ti wọ́n iyọ̀ sí ìgbín rí mọ̀ ohun tí a ń sọ: omi ara rẹ̀ ni yóò máa dà jáde. Gbòǹgbò á wà nínú omi, òùngbẹ á sì máa gbẹ ẹ́. Ṣóńṣó ewé á jó, á pọ́n bíi pé iná rà á. Bí omi ò bá sì lágbára, ewé á ràn, á di pupa rúsúrúsú, kò ní dàgbà, oníbàárà á sì wò ó, á ní kí ẹ dín in kù.

Ọ̀nà méjì ni àwọn oníṣẹ́ yìí fi ń sọ bí omi ajílẹ̀ ṣe le tó, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni ká wọn iyọ̀ lórí ìwọ̀n, ká wá sọ iye tó wà nínú omi. Òun ni wọ́n ń pè ní ppm, ìyẹn ni pé ká pín nǹkan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ká wá ka iye ọ̀nà tó jẹ́ ti iyọ̀. Nínú omi, ppm 1 jẹ́ mílígírámù 1 nínú lítà 1. Ká mú un wá sílé: kẹ́ẹ̀gì òróró wa yẹn, lítà 25 ló ń gbà. Bí a bá fẹ́ ppm 1,000 nínú rẹ̀, gírámù 25 ni a ó yọ́ sí i. Dírọ́ọ̀mù tó ń gba lítà 200, gírámù 200 ni. Ẹ rí i pé kò le. Sùgbọ́n ṣíbí kì í ṣe ìwọ̀n o. Ṣíbí iyọ̀ kan kúnná, òmíràn rí kóró-kóró. Ìwọ̀n kékeré onígírámù tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò ni kí ọmọ yín rà.

Ọ̀nà kejì ni mítà tí wọ́n ń tì bọ omi. Mítà yìí kò ka iyọ̀ rárá. Iná mànàmáná kékeré kan ló ń rán gba inú omi láti orí irin kan dé èkejì, ó sì ń wò ó bóyá iná náà kọjá dáadáa. Omi òjò, iná kì í fẹ́ẹ́ gbà á kọjá. Omi tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀, iná á kọjá wàrà. Bí iná ṣe kọjá tó ni wọ́n ń pè ní EC. Ohun tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà ni ohm, orúkọ ọ̀mọ̀wé Jámánì kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọn òdìkejì rẹ̀, wọ́n kọ ohm láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó di mho. Àwọn òyìnbó náà máa ń ṣeré. Ní 1971 ni gbogbo ayé fẹnu kò sí siemens dípò rẹ̀. Lára mítà, ẹ ó rí mS/cm, èyí ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún siemens fún sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ kàn pè é ní EC, ó ti tó.

Ibi tí orúkọ ti pọ̀ jù nìyí. EC 1 nínú mS/cm, bí mítà bá ń kọ µS/cm, á kọ 1,000. Bí ó bá ń kọ dS/m, á kọ 1 náà. Mítà tó ń kọ CF á kọ 10. Omi kan náà ni o. Títí dé ibí yìí, kò sí ìjà, torí gbogbo wọn bára mu níbi gbogbo lágbàáyé.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń ṣe mítà ní kí àwọn bá wa yí EC padà sí ppm. Báwo ni mítà ṣe fẹ́ mọ ìwọ̀n iyọ̀, nígbà tó jẹ́ pé iná nìkan ló wọ̀n? Ó ń dá àbá ni. Àwọn kan fi iyọ̀ ìsebẹ̀ dá àbá tiwọn: wọ́n ní EC 1 jẹ́ ppm 500. Àwọn mìíràn fi àdàpọ̀ iyọ̀ mẹ́ta tó jọ ti inú omi odò dá tiwọn: wọ́n ní EC 1 jẹ́ ppm 700. Àwọn mìíràn tún dúró láàárín, wọ́n ní 640. Gbogbo wọn ló sì ń kọ ppm, láìsí àmì kankan níwájú rẹ̀.

Àwọn ìyá wa àgbà á rántí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, nígbà tí a kúrò nídìí pọ́n-ùn bọ́ sídìí náírà, tí pọ́n-ùn 1 di náírà 2. Bí ẹnì kan bá ní ẹ jẹ òun ní "márùn-ún" nígbà yẹn, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bi í ni pé márùn-ún èwo? Kóńgò náà ńkọ́? Kóńgò tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú àti kóńgò tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, kóńgò kan náà ni ẹnu ń pè é, àmọ́ gàrí inú wọn kò dọ́gba. A ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o, ẹ má wo ara yín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọ̀kan nínú wa nìyí, ìyá rẹ̀ sì ti gbà pé ká sọ ọ́. Ọmọ yìí ra ajílẹ̀ létúùsì lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tà á ní ọ̀rá kéékèèké. Wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá pé kó pò ó títí yóò fi di 840. Ọmọ ra mítà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó pò ó títí mítà fi kọ 840, bí wọ́n ṣe wí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣóńṣó ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Wọ́n ní oòrùn ni. Wọ́n fi aṣọ bò ó. Àwọn kan ní ilé yẹn ní ayé ni, pé ẹnì kan ti fojú burúkú wò ó. Ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbé mítà wá. Òṣùwọ̀n 700 ni ẹni tó ṣe ajílẹ̀ lò, kò kàn kọ ọ́ sára ọ̀rá. Òṣùwọ̀n 500 ni mítà ọmọ yẹn ń lò, inú ìwé pélébé tó bá a wá nìkan ni wọ́n sì kọ ọ́ sí.

Ẹ bá wa ṣírò. 840 lórí òṣùwọ̀n 700, ẹ pín in, EC 1.2 ni, òun gan-an ló sì tọ́ sí létúùsì. 840 lórí òṣùwọ̀n 500, EC 1.68 ni. Níbi tó yẹ kó lo ajílẹ̀ ọ̀rá 5, ọ̀rá 7 ló ń lò. Ó ń fi owó ra ohun tó ń jó ewé rẹ̀. Bó bá jẹ́ òdìkejì ni ńkọ́, tí ọ̀rá bá lo 500 tí mítà lo 700? Á rò pé òun ti po EC 1.2, bẹ́ẹ̀ kò tó 0.9, ebi ni yóò máa pa létúùsì. Bí ẹni tó ta á bá ti kọ EC sára ọ̀rá ni, gbogbo ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀. Lójú tiwa, olùtajà tó kọ ppm lásán láìsọ èwo ni, bí ẹni tó gbé kóńgò tí ìdí rẹ̀ wọnú wá sọ́jà ló rí, bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe tàbí kò mọ̀.

Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ èyí tí mítà ọmọ yín ń lò? Bí mítà bá lè kọ EC àti ppm, ẹ tì í bọ omi kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi EC pín ppm. Ohun tó bá jáde, 500 ni, tàbí 640, tàbí 700. Bí ppm nìkan ló ń kọ, omi ìdánwò kan wà tí wọ́n ń tà fún títún mítà ṣe, 1413 ni wọ́n ń kọ sí i lára, ìyẹn EC 1.413. Mítà tó bá kọ bíi 707 nínú rẹ̀, ti 500 ni. Èyí tó bá kọ bíi 989, ti 700 ni. Èyí tó bá kọ nǹkan tó yàtọ̀ pátápátá, tí kì í sì í ṣe ti 640, ó ti ń purọ́, ẹ tún un ṣe. Omi ìdánwò yìí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń lò ó. Mítà máa ń ṣìnà bó bá pẹ́, bí ìwọ̀n ẹlẹ́ran tí a kì í yẹ̀ wò.

Nísinsìnyí, omi tiwa fúnra wa. Kí a tó da ajílẹ̀ kankan sí omi, ká wọn omi náà lásán. Omi òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan nínú. Omi kànga àti ti bóhóòlù ní tirẹ̀, ó sì yàtọ̀ láti ilé dé ilé. Nínú òṣùwọ̀n omi mímu tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2007, µS/cm 1,000 ni wọ́n ní kí EC omi má kọjá, iyọ̀ inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju mílígírámù 500 nínú lítà kan. Ṣé ẹ rí i pé òṣùwọ̀n 500 ló farahàn níbẹ̀ yẹn? Bí kànga yín bá kọ EC 0.6, tí létúùsì sì ń fẹ́ 1.2, ìdajì àyè ti lọ kí ẹ tó ṣí ọ̀rá ajílẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ewébẹ̀ ò nílò ló gba àyè yẹn. Ẹ fi omi òjò là á. Ẹ̀yin tí kànga yín wà lápá ààtàn Awótán, ẹ má gbójú fo èyí. Ẹ sì gbọ́ dáadáa: mítà yìí kò mọ kòkòrò àrùn. Omi tí EC rẹ̀ kéré lè jẹ́ omi tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ má tìtorí mítà mu omi tí ẹ kò sè.

Ohun méjì mìíràn wà tí mítà kò mọ̀, èyí tó lè kó èèyàn sí gbèsè. Kò mọ irú iyọ̀ tó wà nínú omi. Ẹ da iyọ̀ ìsebẹ̀ sí omi, EC á gòkè, mítà á dákẹ́, ewébẹ̀ á kú. Èkejì, ajílẹ̀ urea tí a mọ̀ dáadáa, kì í gbé iná. Ẹ dà á sí omi, mítà kò ní mira. Ọmọ á rò pé kò tíì tó, á tún dà á sí i, á tún dà á sí i. Ẹ kìlọ̀ fún wọn.

Àwọn kan ń bi wá pé ṣé báàgì NPK 15-15-15 tí à ń lò lóko kò ṣeé lò ni. Nọ́ńbà yẹn ìpín nínú ọgọ́rùn-ún ni: nínú báàgì kílò 50, kílò 7.5 ni ti naitirójìn, 7.5 ni ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀, 7.5 sì ni ti pọ́táṣì. Ohun tó kù wà pẹ̀lú wọn, kì í sì yọ́ tán nínú omi. Ìdọ̀tí rẹ̀ á dí páìpù. Fún iṣẹ́ yìí, èyí tó ń yọ́ pátá ni wọ́n ń lò, bíi calcium nitrate àti potassium nitrate, àti Epsom salt tí àwọn ìyá wa mọ̀ sí oògùn ìyàgbẹ́. Ọ̀rá A àti ọ̀rá B ni wọ́n sábà máa ń pín in sí, nítorí bí calcium bá pàdé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan nígbà tí omi wọn ṣì ki, wọ́n á di ẹfun sísàlẹ̀. Ẹ yọ́ A sínú omi púpọ̀ tán kí ẹ tó da B sí i.

Nígbà ọ̀yẹ́ àti ọ̀gbẹlẹ̀, omi inú dírọ́ọ̀mù á máa fà, iyọ̀ á sì dúró síbẹ̀, bí ọbẹ̀ tó pẹ́ lórí iná. EC á gòkè fúnra rẹ̀. Omi lásán ni kí ẹ fi kún un lọ́jọ́ náà, kì í ṣe omi ajílẹ̀. Ooru náà tún ń gbé EC sókè, bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìgbóná digírì kan. Mítà tó dára ń yọ ìyẹn kúrò, ó ń ṣe bí ẹni pé omi wà ní digírì 25. Mítà tí kò ń ṣe bẹ́ẹ̀, àárọ̀ kùtùkùtù lójoojúmọ́ ni kí wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n.

Iye tí àwọn oníṣẹ́ yìí sábà máa ń lò nìyí, EC ni gbogbo rẹ̀: létúùsì, 0.8 sí 1.2, basil tó jẹ́ ìbátan efinrin wa, 1.0 sí 1.6, kùkúńbà, 1.7 sí 2.5, tòmátò tó ti ń so, 2.0 sí 3.5. Ọmọ ewébẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ìdajì rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i, NIHORT, ilé ìwádìí ewébẹ̀ àti èso ti ìjọba àpapọ̀ láti 1975, wà ní Ìdí-Ìṣin níbí, kò jìnnà sí wa.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ti fọwọ́ sí i pé ẹni tó bá fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ fún iṣẹ́ yìí á kọ EC omi rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, á kọ irú òṣùwọ̀n tí mítà rẹ̀ ń lò, 500 tàbí 700, á sì mú ọ̀rá ajílẹ̀ tó fẹ́ rà wá ká rí ohun tí wọ́n kọ sí i. Onídùúró méjì ṣì wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. A ò ní yá ẹni tó ní "ppm ṣáà ni" lówó.

Mítà tí ẹgbẹ́ rà wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ti EC ni, omi ìdánwò rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Nípàdé tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù bu omi kànga tàbí bóhóòlù ilé rẹ̀ sínú ike omi kékeré tó mọ́, kó kọ orúkọ àti àdúgbò rẹ̀ sára ike náà, a ó wọ̀n ọ́n lójú gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbéèrè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun, a wà lábẹ́ káńópì níbẹ̀ yẹn.